Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀ fún Màmá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó na gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, tó fi pẹ́ńsùlù há etí, ẹ má wulẹ̀ pe dókítà. Ọkọ mi ni. Iṣẹ́ fèrèsé ló ń ṣe. Á wọn ojú fèrèsé, á gé irin rẹ̀, á de gíláàsì mọ́ ọn, èmi á sì rán kọ́tìnnì tó máa bò ó. Ọ̀gá Tépù làwọn aládùúgbò ń pè é, torí tépù ìwọ̀n kì í kúrò ní bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ti wọn bẹ́ẹ̀dì wa rí, kó lè mọ ẹni tó ń gba àyè jù nínú àwa méjèèjì. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Jíìpù wa ló ń wọ̀n. Ọkọ̀ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àmọ́ ajẹ́bọ́tà ni. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọn ò fi sípíríńgì irin gbé e dúró bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àpò rọ́bà ni wọ́n fi sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, páńpù kékeré kan ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á mí kanlẹ̀, fììì, á rọra kúnlẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, á dìde.

Torí ìyẹn la ṣe rà á. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún wọn ò sì gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbé wọn, ẹ ò gbọdọ̀ tì wọ́n lẹ́yìn, ẹ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ nawọ́ sí wọn bí ẹni fẹ́ mú ọmọdé kọjá títì. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹrù ni mí ni?" Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ á kúnlẹ̀, Màmá á wọlé fúnra wọn, ó di ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ìkángun ìlú. Ibẹ̀ làwọn méjèèjì á ti máa jà láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin, lórí ẹni tó fọ́ dígí ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bí Màmá bá ti ibẹ̀ dé, ara wọn á yá gágá, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún bèèrè ẹran sí i.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. A ó sùn ká tó jí, ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì á ti wọlẹ̀. Ẹlòmíì á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkọ mi kọ́! Ó gbé tépù, ó wọn bó ṣe sọ̀kalẹ̀ tó, ó kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì: íńṣì méjì lónìí, íńṣì méjì àtààbọ̀ lọ́la. Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe èyí, kó tó pe Àǹtí Sípánà, obìnrin mẹkáníìkì kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Àǹtí Sípánà da omi ọṣẹ sára àpò rọ́bà náà. Bó ṣe kan ti ẹ̀yìn lápá òsì, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ó ní, "Ọ̀gá, ibí ló ti la ẹnu. Torí ó ń jò, páńpù yín ò rí oorun sùn, òun náà ti fẹ́ kú. Ọ̀nà méjì ló wà. Kí n fi àpò tuntun sẹ́yìn, lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú páńpù tuntun, kó máa kúnlẹ̀ bó ṣe ń kúnlẹ̀. Tàbí kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí n fi sípíríńgì irin sí i. Irin ò lè jò láéláé, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti àpò. Àmọ́ ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ náà ló dúró sí o. Ta ló sábà máa ń wọ ọkọ̀ yìí?"

Ọkọ mi dá a lóhùn pé gíláàsì tí òun máa ń kó sẹ́yìn rẹ̀ máa ń wúwo gan-an. Mo wo Àǹtí Sípánà, Àǹtí Sípánà wò mí. Ó ní kó lọ rò ó dáadáa, ó ki rọ́bà líle kan sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó má baà máa wọlẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ tẹ bọ́tìnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkọ̀ ò mira.

Mo bi í pé, "Olówó orí mi, Màmá ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti ro ìyẹn. Màá kan àpótí tí wọ́n máa gùn."

Ó sì kàn án lóòótọ́. Ó wọn ọkọ̀, ó wọn ilẹ̀, ó fá pákó títí ó fi ń dán. Ọjọ́ kẹwàá ló gbé e síwájú Màmá. Màmá wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀.

Wọ́n ní, "Gílóòbù iná wo lẹ fẹ́ kí n bá yín pààrọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fi irin sí i, ọmọ mi. Irin dáa. Èmi ò tiẹ̀ lọ síbì kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí mi fín, n ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́."

Inú ọkọ mi dùn, àfi bí ẹni tí wọ́n bá san gbèsè. Ó pe Àǹtí Sípánà pé kó gbé irin bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ò gbà á gbọ́. Màmá, kí wọ́n kọ ìjà? Ta ló ti rí ajá tó kọ eegun rí? Síbẹ̀ mo panu mọ́. A kì í bá ìyá ọkọ jiyàn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá di Ọjọ́rú, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Màmá ni. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. "Ìyàwó, ṣé àbúrò mi ti kú tẹ́ ẹ fi ń fi pa mọ́ fún mi ni? Ọjọ́bọ̀ méjì! Mo ti rántí ohun tí mo máa fi bá a jà, mo fi ń sùn, mo fi ń jí."

Mo ní, "Ṣé ẹ ò bá wọn jà ni?"

"Ta ló rí i débi tó máa bá a jà?"

Háà! Mo mú àwọ̀sùn tuntun tí mò ń rán fún Màmá, mo ní mo fẹ́ wo gígùn rẹ̀ lára wọn. Mo kúnlẹ̀ pé kí n fi pínnì mú etí aṣọ, ni mo bá rí ojúgun wọn. Ó ti bó láti abẹ́ orúnkún dé ìdajì ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀, ó dúdú.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn wo leyín rẹ̀ tó báyìí?"

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n wá là á sọ fún mi. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ò kúnlẹ̀ mọ́ ni wọ́n dá lọ sídìí ọkọ̀, kí wọ́n lè ti jókòó sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹsẹ̀ ò gòkè. Irin ìtẹ̀gùn gbá wọn lójúgun, wọ́n sì ṣubú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti táyà, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n máa dìmú dìde. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọkọ mi. Mo ní mo ti gbọ́, mo bá bọ́ síta, mo fi bẹ́líìtì fa Ọ̀gá Tépù wọlé bí ẹni ń fa ewúrẹ́.

Ó rí ẹsẹ̀ náà. Ó kúnlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò pè mí? Ilé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn."

Màmá ní, "Mo rí ẹ látilẹ̀ níbẹ̀. Ò ń wọn pákó tó o fẹ́ fi kan àpótí mi. Mo ní kí n má dí ẹ lọ́wọ́."

Omi bọ́ lójú mi, mo fi àwọ̀sùn tí mi ò tíì rán tán nù ún. Ọkọ mi dìde, ó mú fóònù.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má gbé irin yẹn wá mọ́. Àpò ni kẹ́ ẹ fi sí i, àti páńpù."

Àǹtí Sípánà ní, "Ẹ ti wá wọ̀n ọ́n tán?"

"Ìyá mi ṣubú, mi ò mọ̀."

Obìnrin náà dá a lóhùn. Ó ní, "Látọjọ́ tí mo ti wò ó ni mo ti ra àpò náà sílẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa pè. Ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá mi lọ́dọ̀ yín."

Ìgbà yẹn ni Màmá lọgun láti orí àga wọn, "Sọ fún un kó má pẹ́ o! Aago mẹ́wàá ni mo máa ń jáde nílé!"