Ẹsẹ̀ Mi Tó Kù sí Oko Ìrẹsì

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi kò dá, kì í ṣe èmi. Mo ń rìn lórí ilẹ̀ tóóró tí wọ́n fi ń pààlà oko ìrẹsì ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Hànóì, ní ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Fiẹtínámù lónìí, tí àwọn Faransé ń pè ní Tọ́ńkìn nígbà náà. Mo gbọ́ igbe lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, obìnrin náà na ọwọ́ sí mi, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi wà níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi: lóòótọ́, ìhòòhò ni, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti rìn jìnnà láìní bàtà, n kò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, nítorí pé àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa pa eyín wọn láró. Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná já ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń já.

Ọmọ Bẹ̀yẹrúnkà ni mí, ní Ìbàdàn, ahunṣọ ọmọ ahunṣọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè rò pé ọwọ́ la fi ń hunṣọ. Ẹsẹ̀ ni. Ọwọ́ a máa ju ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ ló ń há okùn òfì, ìka ẹsẹ̀ náà ló sì ń sọ fún ahunṣọ pé òwú ti lọ sókè tàbí ó ti sọ̀kalẹ̀. Ahunṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kú, kó kúkú lọ máa ta òwú.

Oníṣòwò Faransé kan láti Àjàṣẹ́ ló mú mi lọ. Ó ti rí àlàárì tí mo hun, ó sì fẹ́ kí n fi ojú ara mi yan irú sẹ́dà, ìyẹn òwú sílíìkì, tí òun lè máa kó wá fún àwọn ahunṣọ Ìbàdàn. Rélùwéè kò tíì pẹ́ ní ìlú wa nígbà náà. Ẹni tó bá dé Èkó lásán, odidi agbo ilé ló ń jókòó gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀. Èmi wá ń lọ sí ibi tí òòrùn ti ń yọ. Inú mi dùn débi pé n kò bèèrè ohun tí n óò máa jẹ.

N kò ní purọ́, ilẹ̀ náà wù mí. Ní ìgbèríko, oparun ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí abúlé ká, ẹfọ̀n sì ń ṣiṣẹ́ oko nínú omi, tí ọmọdé jókòó lé e lẹ́yìn bí ẹni jókòó sórí àga. Nínú ilé àwọn tí ń sin kòkòrò sẹ́dà, mo gbọ́ ìró kan bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ lórí ewé kókò. Mo wo ojú ọ̀run, kò sí òjò. Àwọn kòkòrò náà ló ń jẹun. Ní Hànóì, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí agbo ilé alágbẹ̀dẹ àti agbo ilé ahunṣọ ṣe wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ènìyàn a máa fọwọ́ pa apá mi, wọn a sì wo ọwọ́ wọn bóyá aró ṣí. N kò bínú. Ìgbà tí Òyìnbó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, kí làwa náà ṣe fún un?

Oúnjẹ ni wàhálà. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn. Èyí tí kò sí nínú rẹ̀, n kò lè mọ̀, nítorí n kò gbọ́ èdè wọn. Omi ẹja tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ ń rùn bí irú, ìyẹn ìbá tilẹ̀ bá mi lára mu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tó wà nísàlẹ̀ abọ́ ń bà mí. Ni mo bá pinnu pé ìrẹsì funfun nìkan ni n óò máa jẹ, láìsí ọbẹ̀, láìsí ẹran, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ má ṣàánú mi. Ní Ìbàdàn ayé ìgbà náà, oúnjẹ ọdún ni ìrẹsì. Ẹni tó bá sè é láìjẹ́ ọjọ́ ọdún, aládùúgbò a fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará abúlé a máa gbé èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gún wá fún mi, tí awọ pupa ṣì wà lára rẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀rín tì í sẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀rọ ti bó, tó funfun bí ẹfun, ni mo ń fẹ́.

Bó ti wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Òkìtì etí ọ̀nà tí mo ti yà dúró lé láìmọ̀, ibojì ni. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sin òkú wọn sáàárín oko ìrẹsì, òkìtì kékeré kékeré, ìrẹsì a sì hù yí wọn ká. Ipasẹ̀ mi wà lórí rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú bàtà, ọ̀kan láìní bàtà. Mo ka Fátíhà, mo bẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé mo dúró sínú omi tútù, kódà bí mo bá wà lórí ẹní gbígbẹ. Omi náà a máa gòkè: ọrùn ẹsẹ̀, ojúgun, orúnkún. Bí mo bá fẹ́ dìde, orúnkún mi a yẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òkú kan ti di ẹsẹ̀ mi mú.

Oníṣòwò náà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Gbọ̀ngàn gígùn ni, ẹní lórí pákó, òórùn oògùn àti ìtọ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí awọ rẹ̀ ń dán. Bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ihò a kù síbẹ̀ bí ẹni fọwọ́ tẹ iyán. Ìyá rẹ̀ a máa wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì funfun. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bọ́ ọmọ rẹ̀, a sì fi èyí tó kù bọ́ èmi náà, torí ó rí i pé n kò ní ẹnìkan. Ó ń pè mí ní orúkọ kan. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló fi ń mí, ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé mo ń rí i lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Ó kú lórí ìjókòó, ní ọ̀sán gangan, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni fẹ́ bèèrè nǹkan. Wọ́n ti gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ tó dé. Obìnrin náà wo ẹní òfìfo náà títí, lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ ìrẹsì náà fún mi. Mo jẹ ẹ́, nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí n óò fi bá a kẹ́dùn.

Wọ́n dá mi padà sílé. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀wà àti búrẹ́dì líle ni wọ́n fi ń bọ́ àwa tí a wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Kí a tó dé Èkó, mo ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo rò pé òkun ló dá òkú náà dúró.

Ìyá mi rí mi, ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Ní agbo ilé wa, ẹni tó bá ti àjò dé pẹ̀lú àìsàn, oúnjẹ tó níyì jù lọ la fi ń kí i káàbọ̀. Ó gbọ́ pé ẹ̀wà ni mo jẹ lórí òkun, ó ká a lára. "Àkànní, wọ́n fi ẹ̀wà bọ́ ẹ bí ẹrú! O ò ní jẹ ẹ́ mọ́ lójú mi." Ó lọ sí Ọjà'ba, ó ra ìrẹsì Òyìnbó tí rélùwéè kó wá láti Èkó. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó ti àtẹ, tó ń ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo jẹ ẹ́ tọkàntọkàn.

Kò pẹ́ tí omi tútù náà fi padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó dé itan. Ẹsẹ̀ mi wú, ọ̀pá kò gbà mí mọ́, bí mo bá dùbúlẹ̀ èémí mi a há. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. N kò ní fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọkùnrin Hànóì náà jókòó sídìí ògiri yàrá mi ní Bẹ̀yẹrúnkà, lójú ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ là. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń sunkún, bó sì ṣe ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ló ń bu ìrẹsì sí i fún mi. Ẹ̀rù ikú bà mí. Mo mọ bí àìsàn yìí ṣe ń parí. Mo ti wò ó títí dé òpin.

Ìyàwó mi, Ìyá Ràfíù, ló lọ pe àfáà wa ní Ọ̀rányàn. Bàbá náà ṣe àdúà, ó kọ Kùránì sára pákó wàláà, ó fọ̀ ọ́ fún mi mu, ó sì gbọ́ ìtàn ibojì náà dé ìparí. Ó mi orí. "Ọmọ mi, òkú kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí àdúà máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga gígùn: ẹni tí ejò bù jẹ, ẹni tí ojú ń dùn, aboyún tó ń kérora sínú ìborùn rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, bó bá ṣí, gbogbo wa a gbé orí sókè, bó bá tì, gbogbo wa a sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó kàn wá, dókítà, ọmọ Sàró kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ní kí n dijú kí n sọ fún òun nígbà tí òun bá fi abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́sẹ̀. Mo ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ ti jáde ní ojú mẹ́ta.

"Kí lẹ ń jẹ?" ni ó bi mí.

Ìyá mi ló dáhùn, pẹ̀lú ìyangàn. "Ìrẹsì funfun ni, dókítà. N ò fún un ní nǹkan mìíràn. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣà á. Gbogbo èyí tí awọ bá kù lára ẹ̀, adìẹ ni mò ń dà á fún."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. "Ìyá, awọ yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ìrẹsì yẹn mọ́."

"Ṣé ìrẹsì ló ń pa ọmọ mi ni?"

"Kì í ṣe májèlé, Ìyá. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀ ló ń pa á."

Bẹ́ríbẹ́rì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Bí ó ṣe yé mi ni n óò ṣe sọ ọ́. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ara tí ń gbé ìròyìn láti ìka ẹsẹ̀ dé ọpọlọ. Àwọn la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná tàbí pé ẹ̀gún wà níbẹ̀. Àwọn iṣan yìí ń jẹun, ọkàn tí ń lù láyà náà ń jẹun, oúnjẹ wọn sì wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ìrẹsì, nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀pà, nínú eèrí ọkà. Bí ẹ̀rọ bá bó awọ náà dànù, tí ènìyàn kò sì jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, iṣan a bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ibi tó jìnnà jù, ìyẹn ìka ẹsẹ̀. Ọkàn a rẹ̀, omi a wá dúró sínú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a wú. Ènìyàn lè yó bámúbámú kí ebi yìí máa pa á lọ. Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń kú tàbí tó ń ta ọ́ bí abẹ́rẹ́, má ṣe wá òkú tó ṣe é. Lọ fi han ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí o sì sọ òtítọ́ nípa oúnjẹ rẹ.

Ojú ọ̀nà ilé ni mo ti rántí obìnrin Hànóì náà pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ìyá mi ń rìn níwájú. Nígbà tó délé, ó da ìrẹsì tó kù sí ààtàn, ó wọ yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dáná fún mi mọ́.

Ìyá Ràfíù ló ń se ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo fún mi, tó sì ń po eèrí ọkà bí ẹ̀kọ mímu. Ohun tí à ń dà fún ewúrẹ́ ni eèrí. Àwọn ìyàwó ilé a máa ké "mẹ̀ẹ̀ẹ́" bí mo bá ń kọjá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ èémí mi já gaara, wíwú náà sì fà. Ṣùgbọ́n iṣan kì í jí bọ̀rọ̀. Oṣù gígùn ni. Bó ṣe ń jí, ó ń jó mi bí ẹni fi ata pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo sunkún bí ọmọdé, n kò tijú láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan ní ẹ̀yìnkùnlé, mo pariwo, gbogbo ilé sáré jáde. Ìjàlọ ló já mi ní àtàǹpàkò. Wọ́n fẹ́ gbá wọn dànù, mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n tún já mi sí i.

Mo padà sídìí òfì. Ìka kékeré méjì lẹ́sẹ̀ òsì kò jí mọ́. Mo gbà pé oko ìrẹsì ló jogún wọn. Ọkùnrin Hànóì náà kò sì lọ pátápátá. Títí dòní, bí ó bá rẹ̀ mí, mo máa ń rí i nídìí ògiri, ẹnu rẹ̀ là. Mo ti mọ ìdáhùn ohun tó fẹ́ bèèrè, n kò mọ èdè tí n óò fi sọ ọ́. Mo kàn máa ń dúpẹ́ fún ara tó ń ro mí, nítorí ara tí kò ro ènìyàn rárá, mo ti gbé inú rẹ̀ rí.

Ìyá mi ni kò tíì sàn nígbà náà. A máa kí mi, a bèèrè ẹsẹ̀ mi, a sì yí ojú kúrò bí mo bá ń jẹun. Ní ọ̀sán kan mo kúrò nídìí òfì, mo rìn wọ yàrá rẹ̀ láìlo ọ̀pá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ebi ń pa mí."

"Ìyàwó rẹ ò sí ńlé ni?"

"Ó wà ńlé. Oúnjẹ yín ló ń wù mí."

Ó dìde, ó koná, ó gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó jinná, ó bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dúró. Ó tún bu díẹ̀, ó tún tọ́ ọ wò. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì jókòó, ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi bí mo ṣe ń gbé e mì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo na abọ́ náà sí i, mo ní kó bù sí i.