Bóòtù Idẹ Tí Ìyàwó Mi Fi De Háńgà

Àwo irin kan ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Àǹtí Dẹ́bọ́rà, níbi tí háńgà yẹ kó wà. Ó nípọn, ó dúdú, kò sì sí òkúta tó lè ṣẹ́ ẹ. Mo fi sípánà sílẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo sin ìyàwó mi nígbà náà, mo sì ti ń rò pé kò sí ohun tó tún lè já mi láyà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé Adùnọlá, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, a ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ sí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mo ń wí o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ìyàwó mi ló ń ṣe háńgà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé háńgà. Kẹ̀kẹ́ tó ní gíà ní apá kékeré kan lẹ́yìn, tó ń ti ṣéènì láti orí àwo eléyín kan bọ́ sí òmíràn. Háńgà ni pẹlẹbẹ kékeré tó gbé apá gíà yẹn kọ́ sára kẹ̀kẹ́. Álúmíníọ̀mù rírọ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe é, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí igi bá há sínú ṣéènì, háńgà ló máa ṣẹ́, kí nǹkan mìíràn má baà bàjẹ́. Bí háńgà bá le jù, apá gíà lè wọ inú sípóòkù, ìyẹn àwọn wáyà inú táyà, kí táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi lójijì, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì fò ṣánlẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, háńgà wọn kì í sì í jọra. Adùnọlá á gba èyí tó ṣẹ́, á gé álúmíníọ̀mù, á máa fi fáìlì họ ọ́ títí méjèèjì á fi bára mu. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ pé ó tún lè ṣẹ́.

“Ìyá Tóyìn, ẹ fi irin gidi ṣe é fún mi, èyí tí kò ní ṣẹ́ láéláé.”

“Ṣé háńgà lẹ fẹ́ kó pẹ́ láyé ni, àbí ẹ̀yin?”

Ìdáhùn Adùnọlá nìyẹn nígbà gbogbo. A ti jọ fẹnu kò lórí rẹ̀: irin kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀.

Àǹtí Dẹ́bọ́rà jẹ́ agbẹ̀bí ní Ìkòyí-Ilé. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń padà sílé ló fún un ní kẹ̀kẹ́ yẹn, òun ló sì ń gùn lọ sí àwọn abúlé oko. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látẹ̀yìn mọ́tò. Alhaji Rájí, tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti ń pariwo kí obìnrin náà tó kí wa tán.

“Àǹtí agbẹ̀bí, ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé kẹ̀kẹ́ òyìnbó yìí tún ti ń rọbí ni?”

“Ó ti bí, Alhaji. Ó kàn ń dún lẹ́yìn ni.”

“Ọmọ ló ń ké nìyẹn!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo rí irin yẹn.

“Ta ló ṣe iṣẹ́kíṣẹ́ yìí fún yín?”

“Ìyàwó yín ni, sà.”

“Ìyàwó tèmi?”

“Ìyá Tóyìn, sà. Nígbà tí ẹ lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n yín ní Ọ̀yọ́.”

Inú bí mi. Mo ní irọ́ ni, Adùnọlá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Etí irin náà jọ̀lọ̀ bí etí òrùka, kò sì sí ẹlòmíràn ní Tákíè tó ń họ nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bóòtù kan ṣoṣo ló dè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Irin ni bóòtù náà, ó sì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n èérún idẹ ṣì wà nínú ihò.

“Ẹ ti pààrọ̀ bóòtù yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ti ìyàwó yín máa ń já. Ó ṣe púpọ̀ fún mi, ó so wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó sì kọ́ mi bí màá ṣe pààrọ̀ wọn fúnra mi lójú ọ̀nà oko. Nígbà tí wọ́n tán, mẹkáníìkì ọ̀kadà kan fún mi ní eléyìí. Kò já rí.”

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí Adùnọlá ṣe ti wá yé mi: kò mú ibi tó rọ̀ kúrò, ṣe ló gbé e láti ara háńgà lọ sára bóòtù idẹ, kí obìnrin tó dá wà nínú oko má baà jókòó de ẹni tí yóò bá a họ háńgà. Bóòtù irin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló lè pa obìnrin yìí. Mo yí táyà, mo fi àpá tó wà lára sípóòkù hàn án. Apá gíà ti ń kàn án. Ohun tó ń dún nìyẹn.

“Jésù! Mo sì fẹ́ fi í sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò nírọ̀lẹ́ yìí. Aboyún kan ń retí mi.”

“Kí ló dé tí Ìyá Tóyìn kò sọ fún mi?”

“Ó ní kí n lè dá a ṣe ni, sà, torí pé òun kò ní sí níbí láti máa ṣe é fún mi.”

“Níbo ló fẹ́ lọ?”

Ó wò mí. Ó wo Alhaji.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni.”

Lójú tèmi, ìyàwó mi sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni, kò sì jí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi. Àǹtí Dẹ́bọ́rà wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ẹsẹ̀ tó ń wú, tó ń fi ìró bò, dókítà tó sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, bó ṣe bi òun, agbẹ̀bí, pé kí ni ọ̀rọ̀ dókítà túmọ̀ sí gan-an. Òun sì sọ òótọ́ fún un.

“Mo ní kó sọ fún yín. Ó ní òun máa sọ.”

Alhaji gbé àga sẹ́yìn mi. “Tíṣà, ẹ jókòó.”

Mi ò jókòó. Mo wá ọ̀pá idẹ nínú àpótí iṣẹ́ Adùnọlá, mo gé e, mo họ ọ́, mo gé ojú ìlà tí bóòtù fi ń yí wọlé sí i lára. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi èkejì de háńgà, mo ki igi bọ inú ṣéènì, mo yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tagbáratagbára. Idẹ já pàú. Apá gíà rọ̀ sílẹ̀, kò kan sípóòkù kankan. Mo fi òmíràn dè é.

“Kí ló tún sọ?”

“Pé tí ẹ bá rí irin yẹn, ẹ ó kọ́kọ́ bínú.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. “Ó ní lẹ́yìn náà ẹ ó bá mi ṣe é.”

Mo gbé ọ̀pá idẹ tó kù, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mo ń ju bóòtù sínú ọ̀rá tí yóò so mọ́ abẹ́ ìjókòó, mo ń gé òmíràn, mi ò lè gbójú sókè.

“Bàbá,” ó ní, “èyí ti tó mi lò.”

Mo ní kò tíì tó.