Kóòṣì Badrudeen àti Ọyẹ́

Gbogbo Kabala Costain, àdúgbò wa ní Kaduna, ló ń yin Kóòṣì Badrudeen pé ó ní sùúrù. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Iwájú tábìlì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní tẹníìsì orí tábìlì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù. Ọkùnrin náà kò ní ìbínú kankan tí yóò mú mọ́ra ni. Látìgbà tí Zuwera ìyàwó rẹ̀ ti kú ni gbogbo ara ọkùnrin yìí ti kú.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, Kaduna ni wọ́n bí i sí, akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ ìjọba. Òun ló bẹ bíríkìlà kó fi kọnkéré mọ tábìlì sẹ́yìn ilé tí gbogbo wa jọ háyà, pátákó ló fi ṣe nẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, bí ọmọ kan bá ń ṣọ̀lẹ, ẹ óò gbọ́ "Haba!" rẹ̀ dé títì. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù tó dáa, Zuwera á jó tòun ti ìpọnkọ lọ́wọ́. Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, eré parí nìyẹn. "Ọyẹ́ kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá," bẹ́ẹ̀ ni Kóòṣì máa ń wí, Zuwera á sì gbé kòkó gbígbóná wá fún àwọn ọmọ.

Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú Zuwera lọ. Kóòṣì ò sunkún. Lẹ́yìn fídáù, Alhaja, ìyá Zuwera, tó ti Ìlọrin wá, ní kí wọ́n kó aṣọ olóògbé jáde kí wọ́n fi ṣe sàráà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Kóòṣì ti àpótí aṣọ náà pa, ó jókòó lé e lórí. Alhaja fìbínú padà sílé. Èmi náà bínú sí i, nítorí kí ni òkú fẹ́ fi aṣọ inú àpótí ṣe? Àmọ́ ta ló lè bá ògiri jà?

Kò pẹ́ tó fi padà sídìí tábìlì. Á kó bọ́ọ̀lù kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á máa jù wọ́n níkọ̀ọ̀kan sí Zulaiha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó dúró lódìkejì pẹ̀lú báàtì. Tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sórí tábìlì, á ní, "Òmíràn." Tí kò bá balẹ̀, "Òmíràn" náà ni, ohùn kan náà. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń gbé páálí bísíkíìtì mi kiri, ara mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá Zulaiha, ẹ ò rí i pé ọmọ ń gbọ̀n ni?"

Ó wò mí. "Ọyẹ́ ń fẹ́ ni, Ìyá Débọ̀?"

Ìbéèrè gidi ló ń bi mí. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Nígbà tí Zulaiha wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ó sọ tẹnu rẹ̀. "Baba baya ganina. Bàbá mi kì í rí mi rárá, mà. Tí wọ́n bá mú mi sí tíìmù ìpínlẹ̀, bóyá Bàbá mi á sọ nǹkan míì sí mi. Tí wọn ò bá mú mi, mo máa bá Alhaja lọ sí Ìlọrin." Alhaja ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wá mú un. Mo lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

"To, ó dáa," ló wí. Ó ń ṣa bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ gbá a nítorí eruku. Bọ́ọ̀lù tí Zulaiha kọ́kọ́ gbá kọjá tábìlì lápá ọ̀tún. Èkejì tún gba ibẹ̀. N ò mọ eré náà, àmọ́ mo mọ ohun tí mo ń rí láti ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sósì lẹ́yìn ilé wa, ọmọ náà sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ láti máa gbá a sọ́tùn-ún kó lè padà bọ̀ sórí tábìlì. Kò sí ọyẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Kóòṣì àtijọ́ ì bá ti rí i ní ọjọ́ kìíní. Tìsinsìnyí lajú sílẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ọmọ náà lọ bá a. Kóòṣì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Ọyẹ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo jẹ́ kí ọyẹ́ kọ́ ẹ."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọn ò mú un. Zulaiha ò sunkún, ojú rẹ̀ kàn dà bíi ti bàbá rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mo bá àwọn méjèèjì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù tó gbé wa padà sílé.

Alhaja dé. Láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, báàgì Zulaiha wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró òòlù. Kóòṣì ń ri igi mọ́lẹ̀ lápá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó na okùn sórí wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí jáde, ó ṣí i níṣojú gbogbo wa. Ó ń fa aṣọ Zuwera yọ, ìró àǹkárá, àdìrẹ, léèsì tó wọ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó ń so wọ́n kọ́ sórí okùn láti fi dí afẹ́fẹ́.

Alhaja dìde. Mo dì í lápá mú, mo rò pé ìjà dé. Ó já ara rẹ̀ gbà. Nígbà tó débẹ̀, kókó kan ti fẹ́ tú. Ó tún un so, ó fà á le dáadáa.

"Sàráà lèyí náà," ló wí.

Zulaiha lọ ki ojú bọ inú ọ̀kan nínú àwọn ìró náà. Ó pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é. Lẹ́yìn náà ló mú báàtì. Bàbá rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù, ọmọ gbá a, ó lọ tààrà, ó balẹ̀ sórí tábìlì. Mo ń retí "Òmíràn." Kóòṣì mú bọ́ọ̀lù tó kàn dání, kò jù ú.

"Ìyá ẹ ì bá ti jó," ó ní.

Alhaja nìkan ló wọkọ̀ padà sí Ìlọrin.