Ọjọ́ Tí A Dín Sífínjì Nítorí Oyún Ọmọ Mi

Ìyá ọkọ ọmọ mi kì í fọwọ́ kan ìyẹ̀fun tó pò. Ṣíbí méjì ló máa ń lò: á fi ọ̀kan bù ú, á fi èkejì tì í sínú òróró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fún ọmọ ọwọ́ lóògùn. Mo wò ó títí, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní kó sún fún mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́, mo fún ìyẹ̀fun jáde láàárín ìka, ó bọ́ sínú òróró roboto, ó hó, ó sì yí ara ẹ̀ padà fúnra ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣọ́ra, ọwọ́ yín á jóná o." Jóná kẹ̀? Ọwọ́ tó ti ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù láti kékeré!

Sífínjì ni wọ́n ń pè é. Ìyá ìyá ẹ̀ ló mú un wá láti Ítálì: ìyẹ̀fun, ẹyin, ṣúgà, èèpo ọsàn tí wọ́n rin, àti wàrà funfun kan tó jọ wàràkàṣì tí kò tíì le. Bó bá tutù tán, wọ́n á wọ́n ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sí i lórí. Tí ẹ bá yọ wàrà yẹn kúrò, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn.

Inú ilé ọmọ mi ní ìlú Plano, lókè òkun níbí, la ti ń dín in. Ọmọ mi obìnrin wà lókè, lórí bẹ́ẹ̀dì tí dókítà ní kó má kúrò. Oyún kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó hàn síta. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Garland, mo mọ ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́, ìmọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo gba ìsinmi, mo kó aṣọ mi wá. Ọkọ ẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́, èmi á gbé oúnjẹ gòkè, màá tún gbé e sọ̀kalẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ tọkọtaya náà: kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Mi ò sọ fún pásítọ̀ wa. Mi ò sọ fún àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn. Tí wọ́n bá béèrè ọmọ mi, mo ní ó wà dáadáa, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ẹnu ayé lẹbọ, oyún kì í ṣe ohun tí à ń fi han gbogbo ojú. Ìyá ọkọ nìkan la sọ fún, torí a ò lè fi pa mọ́ fún un.

Nígbà tí abọ́ kejì kún ni mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí. Ó ní ọ̀la ni ọjọ́ ìrántí Jósẹ́fù ọkọ Màríà, òun ti tẹ́ tábìlì síwájú ère ẹ̀ nílé òun ní Allen, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá jẹ. Ère! Mo ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" sínú, mo ń fún ìyẹ̀fun mi lọ. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ àna ni àna ń jẹ́, èèyàn ò gbọdọ̀ bá a ṣe gbólóhùn asọ̀. Mo gbé ti ère mì.

Ó wá ní, "Nítorí oyún yìí ni mo ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé màá tẹ́ tábìlì yẹn. Mo ti sọ fún gbogbo wọn. Wọ́n ti ń gbàdúrà láti oṣù tó kọjá."

Mo pa iná. "Gbogbo ta ni?"

"Ìjọ wa. Àwọn aládùúgbò. Ẹbí wa."

Háà! Mo gbàgbé pé àna ni. Mo ní, "Ẹ wá pàtẹ oyún ọmọ mi bí ọjà? Ta ló rán yín níṣẹ́? Tí nǹkan bá ṣe é, ṣé ère yín ló máa wá dá mi lóhùn?" Ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ìyẹ̀fun ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi ló ń sọ̀kalẹ̀, ó di ògiri mú, ó fọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀. Mo figbe ta. Mo ní kó padà, kó padà sókè! Ó jókòó sáàárín àtẹ̀gùn níbẹ̀.

"Mọ́mì, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ."

Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá mi lóhùn láti kékeré. Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́," ó ní. "Ti ìkejì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yin lẹ ní kí n nu ojú mi ká tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má bàa bi wá. Ẹ ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mọ́mì, kì í ṣe omi."

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún ẹni tí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo sọ. Wọ́n sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi, ìyá mi sì dúpẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Tí èyí náà bá lọ, mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wá kí mi."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ti dé ètè mi. Mo pa ẹnu mọ́. Èmi tí mi ò lè kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́sibítù kí n má kí i kú iṣẹ́. Tí ìyá ẹnìkan bá kú nínú ìjọ wa, èmi ni màá kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀, màá kí ọmọ, màá kí ọmọ-ọmọ, títí ẹnu á fi gbẹ mí. Ọmọ tí mo bí, mi ò kí i.

Àna mi ò gbọ́ Yorùbá. Ó wo èmi, ó wo ọmọ mi, ó kẹ́yìn sí wa, ó lọ tan iná padà.

Mo lọ jókòó ti ọmọ mi lórí àtẹ̀gùn. Oyún náà ṣì wà níkùn ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí lójoojúmọ́, mi ò ní purọ́. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo ní, "O kú ìrọ́jú, ọmọ mi." Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, mo wá tún kí i lẹ́ẹ̀kejì, torí méjì ni wọ́n.