Ẹnu Tí Bàbá Dákẹ́ Dì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin tó ń gbé lókè wa fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìjọba. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì gíga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò gbé ìka lé ètè bí ẹnikẹ́ni bá fa àga tó dún ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ dákẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwa ará ilé gbà á lẹ́nu wọn: Bàbá Dákẹ́. Kò bínú sí i. Ká má parọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń dùn sí i díẹ̀.

Èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nísàlẹ̀. Bàbá Dákẹ́ wà lókè, lọ́wọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì kan wà lọ́wọ́ òsì, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Iṣẹ́ alẹ́ ni Nọ́ọ̀sì ń ṣe ní ọsibítù, ọ̀sán ló wá di òru tirẹ̀. Bí àwa bá ń jí láàárọ̀, òun á máa wọlé bọ̀, á bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sọ́wọ́ kó má baà ta ko-ko-ko lórí àtẹ̀gùn.

Abo ajá kan wà nílé Bàbá Dákẹ́, pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, ìkejì wó. Fọkànbalẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Dákẹ́ bí ló mú un wálé láti kékeré. Ọmọbìnrin náà ló sọ ọ́ lórúkọ, òun náà ló sì ń bá a gbélé tọ̀sán-tọ̀sán, torí pé inú yàrá ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí iṣẹ́ mìíràn sí ìlú tó jìnnà, ibi tó máa dé sí ò gba ajá. Ó di ẹrù, ó sunkún, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Tí mo bá ti rí ilé tó gbà á, màá wá mú un."

Bàbá Dákẹ́ ní kò sí wàhálà. Ajá jẹ́jẹ́ báyìí, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá Dákẹ́ bá ti tilẹ̀kùn ní agogo méje ààbọ̀, tí a ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, Fọkànbalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kì í ṣe bí ajá ṣe ń gbó àlejò. Ó dà bí ẹni tó ń pe èèyàn tí ẹni náà ò dáhùn: á gbó lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí, á tún gbó lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bó bá wá gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á pa ẹnu mọ́ pátápátá. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, àfi ẹni tó ni ín.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ lọ bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ajá yín máa ń gbó tí ẹ bá ti jáde. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí n fún aláìsàn kan ní oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀."

Bàbá Dákẹ́ wo ajá tó nà gbalaja sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èyí? Èyí tí mi ò gbọ́ kó wúkọ́ rí? Nọ́ọ̀sì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ojú àlá lo ti gbọ́ ọ."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì lọ, ó tún padà wá, ó tún lọ. Nígbà kẹta, Bàbá Dákẹ́ jáde sórí àtẹ̀gùn kí gbogbo wa lè gbọ́. "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi?"

Nọ́ọ̀sì yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí i. Ohùn Fọkànbalẹ̀ ló jáde, kedere, lẹ́ẹ̀mẹta-lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín gbígbó náà, a gbọ́ aago ara ògiri tó wà ní pálọ̀ Bàbá Dákẹ́ tó ń lu méjìlá. Ajá tó wà nínú ilé gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dá a lóhùn. Ni àwa tó wà lórí àtẹ̀gùn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ilé ìkàwé dákẹ́, ilé bàbá ò dákẹ́." Èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú.

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín yẹn ló ba òun jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ajá náà kó tó jáde: "Dákẹ́! Mo ní kí o dákẹ́!" Bó ṣe ń jágbe tó ni ajá ń gbó tó. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó mú okùn pupa pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé, ó wé e mọ́ Fọkànbalẹ̀ lẹ́nu nígbà mẹ́ta, ó ta á ní kókó, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ilé pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ránṣọ, mo kọrin. Oòrùn mú gan-an.

Ọkàn Bàbá Dákẹ́ ò balẹ̀. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó sì dé ilé ní nǹkan bí agogo kan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti bá ajá náà, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti bó níbi tó ti ń fi ha okùn. Ó fi ọ̀bẹ gé e. Ó gbé ajá jáde, ó ń pariwo pé kí ẹnì kan gba òun, okùn pupa náà ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó rẹ aṣọ ìnura sínú omi, ó fi nu ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà, ó ń da omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ tètè máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé ọkọ̀ ṣí sílẹ̀."

Èmi ni mo bá a gbé ajá náà nínú takisí, bí mo ṣe gbọ́ ohun tó sọ lọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Nígbà tó ti fún ajá lóògùn tán, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí okùn ti bó o lára. "Ta ló dì í lẹ́nu? Ẹnu ni ajá fi ń mí ooru ara rẹ̀ sóde. Wákàtí kan sí i, ẹ ò ní bá a láàyè mọ́."

Bàbá Dákẹ́ wo ilẹ̀. "Aládùúgbò mi kan ni. Obìnrin kan tí kò fẹ́ràn ajá."

Báwo ni obìnrin yẹn ṣe wọ ilé tí wọ́n tì pa? Mi ò bèèrè. Mo gbà á gbọ́, torí ó rọrùn láti gbà gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí mo fojú ara mi rí Nọ́ọ̀sì tó ń fi aṣọ tútù nu ajá, èmi náà ni mo sọ fún Ìyá Onílé pé òun ló dì í lẹ́nu. Láàárín ọjọ́ méjì, kò sí ẹni tó ń kí Nọ́ọ̀sì mọ́. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n bá a pààrọ̀ sípì, mo ní ọwọ́ mi dí. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Ìkà" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì mi ni, orí tábìlì mi ni wọ́n ti mú un. Mi ò wádìí ẹni tó mú un.

Nígbà tí wọ́n gbé ajá padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà ní kí Bàbá Dákẹ́ ṣàlàyé bó ṣe máa ń gbó. Ó gbọ́ tán, ó mi orí. "Bàbá, ajá kì í gbó lásán. Ó ń gbó àlejò, ó ń gbó tí eré bá wù ú, ó ń gbó tí ẹ̀rù bá ń bà á. Tiyín yìí, ẹ̀rù àdáwà ni. Ẹni tó ń bá a gbélé jáde lọ́jọ́ kan, kò padà. Tí ẹ̀yin náà bá ti mú kọ́kọ́rọ́, ó rò pé ó tún ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá wá ń pariwo mọ́ ọn, lójú tiẹ̀, ńṣe ni wọ́n jọ ń gbó. Ẹni tó sì dì í lẹ́nu, ó gba ẹkún lẹ́nu ẹni tó ń sunkún ni."

Bàbá Dákẹ́ ní ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń jó òun lára bí omi gbígbóná. Ó fẹ́ sọ òtítọ́ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí dókítà kọ́ ọ. Láàárọ̀ kùtù, á mú ajá náà rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Á mú kọ́kọ́rọ́, á tún jókòó pẹ̀lú rẹ̀, títí kọ́kọ́rọ́ ò fi já ajá láyà mọ́. Á jáde, á ka ení dé ẹ̀wá lórí àtẹ̀gùn, á padà wọlé kí gbígbó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì á ka ogún. Tó bá gbọ́ ọ tó ń gbó, á dúró kó kọ́kọ́ sinmi ẹnu kó tó wọlé, kó má baà rò pé gbígbó ló ṣílẹ̀kùn. Ó fi páálí bo ìsàlẹ̀ fèrèsé tó kọjú sí títì, ó sì ń fi oúnjẹ há inú egungun oníhò kí ajá rí nǹkan ṣe. Àgbàlagbà ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan lójoojúmọ́.

Níbi tó ti ń kà lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ti rí Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi aṣọ tútù nu ṣọ́ọ̀kì lára ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ara Fọkànbalẹ̀ ti yá?"

"Ó ti yá," ni Bàbá Dákẹ́ sọ. Ó pa iye tó ń kà tì, ó wọlé. Kò jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ pè é. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Ìyá Onílé ti dé etí rẹ̀. "Dádì, wọ́n ní nọ́ọ̀sì yẹn ló fẹ́ pa á. Màá pe ọlọ́pàá fún un."

"Má pè wọ́n."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni." Ó ní fóònù náà wúwo lọ́wọ́ òun bí òkúta. "Èmi ni mo dì í lẹ́nu. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì fi ajá rẹ gbẹ̀san."

Ọmọ náà pa fóònù.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá Dákẹ́ pe Ìyá Onílé, ó pe èmi àti àwọn tó kù, a dúró lórí àtẹ̀gùn bíi ti ọjọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá Dákẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ohùn rẹ̀ ò ju ti inú ilé ìkàwé lọ, ṣùgbọ́n kò fo ibì kankan.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Okùn pupa yẹn, ara ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń gbé wálé kà ni mo ti máa ń rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?" ni Ìyá Onílé bi í.

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?" Èmi ló ń wò. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú mi sí. "Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ sùn." Ó wọlé, ó rọra tilẹ̀kùn.

Bàbá Dákẹ́ lọ sọ fún dókítà náà pẹ̀lú. Ó wù ú kí dókítà bú òun, ṣùgbọ́n kò bú u. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé ajá náà, ó sì ní kó máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, Fọkànbalẹ̀ lè dá wà fún wákàtí mẹ́rin láì gbó, Bàbá Dákẹ́ á sì sáré wálé lọ́sàn-án láti wò ó. Bí òjò bá ń rọ̀, ó ṣì máa ń gbó díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń kí wa, a ń kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà méjì. Ó ní kò sí nǹkan, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà.

Ọmọ náà rí ilé tó gba ajá, ó wá. Bàbá Dákẹ́ ò bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ó ti kọ gbogbo ohun tí dókítà kọ́ ọ sí ojú ìwé méjì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi ń kọ orúkọ ìwé ní ilé ìkàwé. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn ọrùn ajá lọ́wọ́ kan, ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́rin, Dádì?"

"Mẹ́rin. Nígbà mìíràn á lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá débẹ̀, torí ilé tuntun ni."

Ó ká a, ó fi í sínú báàgì, ó sì gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, ó fi apá kan ṣe é, nítorí pé ajá ti ń fà á lọ sísàlẹ̀.