Oògùn Tó Wà Nínú Kanáàlì

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ilé-ìwé tí mo lọ kò pẹ́ tó láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbínú.

Ilẹ̀ wa ga, omi rẹ̀ sì jìn. Ọmọ Kétu kì í fi omi ṣeré. Nígbà tí wọ́n wá sé omi ní apá ọ̀nà Odomèta, èyí tí a ń pè ní baráàjì, tí wọ́n sì gbẹ́ kanáàlì láti ibẹ̀ gba àárín oko ẹ̀fọ́ àwọn obìnrin kọjá, kanáàlì yẹn di òkun tèmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá ti mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹja epiya á gòkè wá sí etí. Mo ní ọ̀pá oparun, okùn, ìwọ̀ àti ekòló. Mo sì ní pèpéle sìmẹ́ǹtì kan tí ó ti mọ ìdí mi bí ẹni mọ owó.

Abo epiya a máa kó ọmọ rẹ̀ sẹ́nu. Bí ewu bá dé, yóò lanu, wọn á sì rọ́ wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ gbé ìwọ̀ mì, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣèèṣì kọ́ mi, mo máa ń dá a padà. Ìyàwó mi ní ojo ni mí, pé ojú ẹja ń bà mí lẹ́rù. Kò parọ́. Ṣé ẹ̀yin ti rí ìyá tó ń wo ènìyàn láìlè sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ kún ẹnu rẹ̀ rí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ibẹ̀, mo bá màrìwò tí wọ́n ta láti bèbè kan dé ìkejì. Ọkùnrin kan tó ń gbin òwú sí òkè kanáàlì dúró tì í, ó ká apá mọ́ àyà.

"Tọ́ntọ́n, ẹ padà o," ó ní; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. "Mo ti fi oògùn sí i."

N kò bi í pé oògùn wo. Ta ló ń bèèrè? Bí ènìyàn bá ta màrìwò, tó ní òun fi oògùn sí nǹkan, kí o kí i kí o padà ló kù. Mo kí i. Mo padà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé jẹ́jẹ́ ni mo rìn wálé.

"Ẹni tó rìn jẹ́jẹ́," ó ní, "bàtà yín kejì dà?"

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo bá ọkùnrin náà polongo. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i: mo ní ẹni tó bá tọwọ́ bọ omi náà, ikùn rẹ̀ yóò wú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi fi dé Okpomèta, ẹnìkan ti wú kú. Àwọn obìnrin náà sá kúrò létí omi, tòmátì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ní ọjà tó tẹ̀lé e, ìyàwó mi ra epiya ńláńlá wálé. Ìyàwó olówùú yẹn ló ń tà á. Mo gbé ọ̀kan wò. Ojú ìwọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀, àwọ̀n kò sì họ ìpẹ́ rẹ̀. Mo la ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n funfun bí ìrẹsì. Ewu dé, ó lanu fún wọn, ewu náà sì bá wọn wọlé.

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn oko òwú ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn láti pa kòkòrò.

Ìyàwó mi náà gbóòórùn, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá wọn, kí ni ọkùnrin yẹn sọ fún yín gan-an?"

"Ó ní òun fi oògùn sí i."

"Oògùn òwú mà ni! Ó sọ fún yín! Ó sọ òtítọ́ fún yín lójúkojú!"

Òtítọ́ ni. Aláìlójútì yẹn kò purọ́ kankan. Ó da oògùn apakòkòrò sómi, ó ta màrìwò kí a lè sá, ó sì fara balẹ̀ ń ṣa òkú ẹja. Ká ní ó purọ́ fún mi ni, ìbínú mi ì bá rí ibi dúró sí.

Ìyàwó mi sáré padà sọ́jà láti lọ pariwo fún àwọn tó rà. Mo ri ẹja tiwa mọ́lẹ̀, mo mú àdá, ó di kanáàlì. Ẹ má rò pé mo gbóyà. Orí mi ti gbọ́ pé oògùn òwú ni. Orúnkún mi kò tíì gbọ́. Mo dijú kí n tó gé màrìwò náà, afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ gé.

Àwọn obìnrin dúró lókèèrè, wọ́n ń wò mí bóyá màá wú.

"Ẹ gbọ́ o!" mo kígbe. "Kì í ṣe oògùn tí a rò! Oògùn òwú ni!"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó gbé garawa rẹ̀. "Há! Oògùn òwú lásán ni? Ẹ̀yin, ẹ wá pọnmi jàre!"

Lásán!

"Ìyá, ó ń pa ẹja!"

"Ṣé ẹja ni wá? Àbúrò mi, ẹ̀rù ti ń bà ọ́ jù."

"Inú ẹ̀fọ́ ló ń lọ! Ẹ̀fọ́ tí ọmọ yín ń jẹ!"

"Òwú náà ni wọ́n fi hun aṣọ ọrùn rẹ. Ṣé ó ti pa ọ́?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ fi fọ ọwọ́. Ìbínú gbé mi. Mo he màrìwò nílẹ̀, mo so ó padà, mo sì fi gbogbo ohùn mi ké:

"Ẹ dúró! Mo ti fi oògùn tèmi sí i!"

Garawa já bọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, ìyá àgbà náà ń bú mi bó ṣe ń padà sẹ́yìn. Baráàjì lókè ni wọ́n lọ ń pọnmi. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, wọ́n sì ń bú mi ní gbogbo ọ̀nà náà. Kí wọ́n máa bú mi.

Kò pẹ́, olówùú gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé. Ó rí ìdè tuntun lára màrìwò, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Tọ́ntọ́n," ohùn rẹ̀ kéré, "oògùn wo ni?"

"Nígbà tí o sọ tìrẹ," mo ní, "ṣé mo bi ọ́?"

Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Títí òjò fi fọ kanáàlì náà, èmi ni mo ń pààrọ̀ màrìwò bó bá ti gbẹ. Mo ti tú u báyìí, mo sì ti padà sórí pèpéle mi, ṣùgbọ́n epiya kan kò tíì gòkè wá. Ní gbogbo ìgbà tí màrìwò yẹn fi wà níbẹ̀, èmi tí mo so ó, tí mo mọ̀ pé òfìfo ni, n kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.