Ìgò Àgbo Màmá Mi Dé Bwari

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí èmi àti màmá mi fi jáde nílé ní Nyanya, torí ẹni tó bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun níbẹ̀, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ọ̀sán yóò pọ́n ọn sí. Màmá gbá ìgò àgbo kan mọ́ra bí ọmọ tuntun. Jẹjẹrẹ inú kókó ọrùn ló ń bá wọn jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́fà ni ọsibítù ti fa òògùn sí wọn lára, kókó náà sì ti ń rọlẹ̀, àfi bí Màmá ṣe ní àwọn ò lọ fún ìkẹrin mọ́, àgbo ti tó. Ọjọ́rú ni ìkẹrin ọ̀hún. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. A wá fẹnu kò pé ká gbé àgbo náà lọ bá Dókítà Bọ́sẹ̀, ará ẹgbẹ́ ìlú wa, tó ń ṣèwádìí ewé tó lè wo jẹjẹrẹ ní Bwari. Ohun tó bá sọ ni abẹ gé.

A wọ ọkọ̀ dé Berger, a wọ òmíràn tó ń lọ sí Bwari. “Sànnu, Màmá,” ni dírẹ́bà kí wọn. “Yauwa!” ni Màmá fi dá a lóhùn. Sànnu ni “ẹ kú o” tàwọn Hausa, yauwa sì ni èsì rẹ̀. Hausa tí Màmá gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í ṣe fáàrí.

Ní Dutse a ra màsà, ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín, igba náírà ẹyọ kan. Màmá jẹ mẹ́rin! Inú mi dùn, torí oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ mọ́.

Nítòsí Ushafa, a rí àwọn obìnrin Gbagyi, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó ru igi ìdáná. Níbi tiwa, orí là ń fi ru ẹrù. Èjìká ni tiwọn. “Ọrùn wọn á máa sinmi,” ni Màmá wí.

Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́ Dókítà Bọ́sẹ̀ ní Bwari, ó kúnlẹ̀ kí Màmá tòun ti aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀.

“Ewé wo ló wà nínú ìgò yìí, Màmá?”

“Méje ni. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Ha! Ọ̀kan ṣoṣo ni èmi ti ń bá fà á láti ọdún méjì.” Ó ṣàlàyé pé ńṣe làwọn ń yọ ohun inú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ń dán an wò lára jẹjẹrẹ nínú abọ́ kékeré. “Ọ̀pọ̀ ló ń pa á nínú abọ́. Àmọ́ iyọ̀ pàápàá lè pa á nínú abọ́, Màmá. Ara èèyàn kì í ṣe abọ́.”

Ojú Màmá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. “Ti ọsibítù ńkọ́? Ta ló sọ ibi tí wọ́n ti já a fún mi? Bàbá mi tó jẹ́ oníṣègùn kì í gbé àgbo fún èèyàn láìfi ewé rẹ̀ hàn án. Mi ò lè máa gba ohun tí mi ò mọ ilé baba rẹ̀ sára.”

Ẹnu yà mí. Agídí ni mo ti ń pè é.

Dókítà gba káàdì ọsibítù, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú wa jáde síbi òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Ọ̀kan nínú òògùn yín, inú irú òdòdó yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.”

Kí n tó ṣẹ́jú, Màmá ti já ẹ̀kúnwọ́ kan. “A ó sè é pọ̀ mọ́ méje yẹn!”

“Màmá, májèlé ni!” Dókítà di ọwọ́ wọn mú. “Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún yín ò tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá sè é, ta ló máa mọ iye tẹ́ ẹ mu? Àgbo yẹn gan-an, ẹ dá a dúró, kó má bàa bá òògùn jà, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà yín pé ẹ ti ń mu ún.”

Màmá ju òdòdó nù, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró lẹ́ẹ̀mẹta. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí à ń bọ̀, bí a ṣe kọjá Kubwa, Màmá yíjú sí mi. “Fọláṣadé, ìwọ tó o kàwé, kí ló dé tó ò bi wọ́n léèrè ní ọsibítù?”

Ojú tì mí. Mo ti béèrè owó, mo béèrè ọjọ́, mo béèrè bẹ́ẹ̀dì. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń fà sí ìyá mi lára rí. Màmá ni mo kàn ń bẹ̀. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ìbéèrè ni “mi ò lọ” àgbàlagbà máa ń jẹ́ nígbà mìíràn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tá a fi dé Nyanya. Màmá ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi pè mí.

“Aago mélòó la máa jáde lọ́jọ́rú?”

“Aago márùn-ún, Màmá.”

“Jí mi ní mẹ́rin. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi wọ́n.”